Ìró Tí Mo Tú Lára Odò

Ìwọ tí ò ń bá mi kọ̀wé, kọ́kọ́ kọ ọ́ pé odò wa kì í ṣe odò ńlá. Àwọn tó máa ka ìwé yìí lè ti rí odò tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, kí wọ́n máa rò pé irú rẹ̀ ni mò ń wí. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, omi rẹ̀ máa ń dé àgbàlagbà ọkùnrin ní ìbàdí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní ṣàn mọ́, á wá ku ibú kéékèèké tó tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ ti já. Abẹ́ àpáta kan ló ti ń jáde, nítòsí abúlé wa lọ́nà Ìlúà. Ọ̀dàn ni gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká, koríko bẹẹrẹ, igi òrí, igi irúgbá, oòrùn a máa pa á láti òwúrọ̀ títí dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá sún mọ́ odò, wàá rí igbó dúdú kan tó na gbọọrọ, tó ń bá omi lọ síbikíbi tí omi bá ń lọ. Igbó náà kò fẹ̀. Bí èèyàn bá ju òkúta láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè já sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Síbẹ̀, tí o bá wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, òtútù á kọ́kọ́ kí ọ, lẹ́yìn náà wàá gbọ́ agbe lókè, wàá sì rí ọ̀bọ tó ń wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo wá jalè.

Mi ò mọ ọjọ́ orí mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo eyín iwájú mi ti hù padà, mo sì ti lè ru orù omi láì di í mú. Ó tó ọdún mẹ́ta ṣáájú àìsàn lúkúlúkú, ibà òun ikọ́ tó kó èèyàn lọ ní gbogbo Òkè-Ògùn.

Gbogbo wa la mọ ibi tí a ti ń ṣe nǹkan létí odò, kò sẹ́ni tó ń kọ́ni pẹ̀lú ẹgba. Ibú òkè, èyí tó wà lábẹ́ igi àràbà, ti mímu ni. Níbi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi àti àwọn ọkùnrin a máa bu omi sínú kèrègbè, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá lórí àpáta, wọn kì í ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ la ti ń wẹ̀, la ti ń fọ aṣọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn obìnrin ti ń fọ irú, akàn á sì kóra jọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè, wọ́n á máa jẹ èèpo irú. Àwa ọmọdé á máa mú akàn. Nínú igbó la ti ń rí imọ̀ ògùrọ̀ tí wọ́n fi ń bo ilé oko, ibẹ̀ la ti ń rí olú lẹ́yìn òjò. Nídìí ewé eéran, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, a máa ń rí èso pupa kan tó ní igun mẹ́ta. Tí o bá lá inú rẹ̀, ohunkóhun tí o bá fi sẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀ á dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọsàn kíkan.

Ewé eéran yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi.

Ẹlẹ́kọ ni ìyá mi. Ọkà bàbà ló fi ń ṣe é. Ó ń fi omi ibú òkè rẹ ẹ́, ó ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń rò ó, ewé eéran ló sì fi ń pọ́n ọn. Ó sọ pé omi mìíràn máa ń mú kí ẹ̀kọ òun ṣàn. Èmi ni mò ń já ewé. Ní òròòwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, mo ní láti mú ìdì ewé kan wálé.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń já a. Orogún mi ló máa ń pè mí, ó ní ọkọ òun ni mo wá gbà. Ó fi hàn mí pé nínú ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, méjì péré ni mo lè gé, kí n fi èyí tó ṣì ká bí ẹní sílẹ̀, nítorí òun ni tọ̀la. Ó tún mú mi dé ẹnu igbó, níbi tí igbó àti koríko ọ̀dàn ti pàdé. Ewé eéran tó wà níbẹ̀ pọ̀, ó ga, ó dí, bí ẹni na aṣọ sára okùn.

Ó ní, "Èyí kọ́ o. Má gé ẹyọ kan níbí. Ìró odò nìyẹn. Orogún mi, ṣé wàá fẹ́ kí wọ́n tú ìró lára rẹ láàárín ọjà?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá."

"Odò náà ò fẹ́ ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Kò sọ fún mi pé ìró yẹn ló ń dá iná ọ̀dàn dúró, kó má wọlé sídìí omi. Bóyá ó rò pé mo mọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sun koríko nígbà ọyẹ́, kí ilẹ̀ lè mọ́ fún oko, kí àwọn ọkùnrin sì rí ẹran pa. Lọ́dọọdún ni iná ń sáré dé ẹnu igbó, tí á pàdé ewé tútù, tí á kú. Mo ti rí i lójú ara mi, ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi ní ohun tó pa á.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ń la ọ̀nà láti Ìsẹ́yìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní mọ́tò ló máa gbà á. Kí òjò tó kásẹ̀, àwọn lébìrà tó ń la ọ̀nà náà ti dé tòsí abúlé wa, wọ́n pọ̀ bí eṣú, ebi ń pa wọ́n. Ìyá mi àti èmi la ń gbé ẹ̀kọ lọ bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin gíga kan, kì í lè ra ẹ̀kọ láì fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Á ní, "Ìyá ẹlẹ́kọ, ṣé ẹ̀kọ lẹ pọ́n ni àbí ewé? Mo tú u, mo tú u, mi ò rí nǹkan!"

Ìyá mi á ní, "Ọ̀fun yín ló fẹ̀ ju ẹ̀kọ mi lọ. Ẹ lọ rán an kí ẹ tó wá lọ́la."

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ra ohun tó wà nínú igbá tán. Bí ìkòkò ẹ̀kọ kan ṣe di méjì nìyẹn. Ìdì ewé kan náà di méjì, nígbà tó yá, mẹ́ta.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ewé tó wà nítòsí ibú òkè kò tó mọ́, mo ní láti wọ inú lọ, síbi tí ilẹ̀ ti ṣókùnkùn, tí ewé gbígbẹ ti nípọn lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀rù oká ń bà mí. Àwọn ọmọdé ti sọ fún mi pé oká máa ń dùbúlẹ̀ sáàárín ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á bá ti ewé mu, kò ní sá fún èèyàn. Mi ò rí oká níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kan, mo dúró lẹ́nu igbó, mo wo inú, mo wo ìró odò tó dúró níwájú mi, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó mọ́, oòrùn wà níbẹ̀, kò sí ibi tí ejò lè sá pamọ́ sí. Mo wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nìkankan.

Mo gé ìdì kan. Kí n tó gbọ́ "kí ló dé tí o pẹ́", mo ti délé. Ìyá mi ní, "Ọmọ yìí mà ti mọ ewé já o!" Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ síbẹ̀. Mo ń gé e bí ẹni ń gé koríko, mi ò fi èyí tó ká sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa bẹ̀rẹ̀, ìró odò ti ní ojú, ojú náà fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Tí o bá dúró nínú koríko, wàá rí igi àràbà títí dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé Ìyá Àgbà lè gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí mo wá ṣe nìyí, kọ ọ́ dáadáa, má bá mi bò ó: mo kó imọ̀ ògùrọ̀ gbígbẹ àti koríko gbígbẹ, mo tò ó sójú ibẹ̀ títí ó fi dí. Láti òkèèrè, ó jọ igbó. Mo yìn ara mi.

Bàbá mi ló máa ń ṣáná sí ọ̀dàn fún gbogbo abúlé. Òun ló mọ ìgbà tí koríko gbẹ tó, òun ló mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Lọ́dún náà, ó ṣá a lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bó ti máa ń ṣe. Àwa obìnrin àti ọmọdé wà lórí àpáta, à ń wò. Iná sáré, àwọn ẹyẹ ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣa ìrẹ̀. Ó dé ẹnu igbó. Ní gbogbo ibòmíràn, mo rí i tó lọ sílẹ̀, tó di èéfín funfun. Ṣùgbọ́n ní ojú ibi tí mo dí, ó fò sókè. Ó bẹ́ mọ́ imọ̀ ògùrọ̀ tí mo tò, ó gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Àwọn ọkùnrin ṣẹ́ ewé tútù, wọ́n ń lù ú. Àwọn obìnrin ń pọn omi láti inú ibú. Mo sáré, mo pọn, mo dà, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tí iná fi máa kú, gbogbo ògùrọ̀ tó yí ibú òkè ká ti jó, ewé eéran tó wà nínú ti di eérú, igi àràbà dúró, ṣùgbọ́n ó dúdú dé ìbàdí. A rí ojú ọ̀run níbi tí a kì í ti í rí i. Ọ̀bọ ò pariwo. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ìyá mi nìkan ni iná ta sí lápá, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Oòrùn wá rí ibú wa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi náà lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó di aláwọ̀ ewé. Kí oṣù tó lé tún tó kú, ó ti di ẹrẹ̀. Akàn lọ. Abúlé bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sí odò mìíràn, ọ̀nà tó jẹ́ pé bí o bá jí lọ, oòrùn á ti gun òkè kí o tó dé. Kò sí omi fún ẹ̀kọ, kò sí ewé láti pọ́n ọn. Ìkòkò ìyá mi dojú dé.

Bàbá mi ni wọ́n ń bú. Wọ́n ní ó pẹ́ kó tó ṣáná, wọ́n ní kò wo atẹ́gùn, wọ́n ní kí ẹlòmíràn ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá mi náà bá wọn wí i.

"Ṣebí mo ní kí ẹ sun ún kí ó tó gbẹ tán?"

Bàbá mi ní, "Bí mo ṣe ń sun ún lọ́dọọdún ni mo ṣe sun ún."

"Ẹ wá sọ fún ìkòkò mi bẹ́ẹ̀."

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ọkà, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti Ìyá Àgbà ń bọ̀ láti odò òkèèrè. Kò yẹ kó tún máa pọn omi mọ́ ní ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tó. Ó dúró lábẹ́ igi òrí kan, orù wà lórí rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó ní, "Àwọn ẹsẹ̀ yìí ti gbàgbé pé ọ̀nà gùn báyìí."

N kò mọ bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo tú ìró odò." Mo sọ ti oká, mo sọ ti ìdì mẹ́ta, mo sọ ti imọ̀ ògùrọ̀ tí mo fi dí ojú rẹ̀. Omi orí mi ń dà sí mi lára.

Ó gbé ojú kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Gbé ẹsẹ̀."

"Ìyá, ṣé ẹ ò ní nà mí?"

"Omi wà lórí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ na èèyàn? Bí a bá délé, wàá sọ fún bàbá rẹ. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bú."

Bàbá mi ń ṣe àlùwàlá nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi tó ń lò kò kún ahá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó parí àlùwàlá, ó kírun, ó dìde, ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí mo gé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan eérú.

Ó ní, "Nítorí oká?"

Mo ní, "Nítorí oká ni, Bàbá."

"O rí oká níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

Ó wo ojú mi, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí kò fẹ́ rín. "Oká tí ẹnikẹ́ni ò rí ló jó odò wa gbẹ." Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún àwọn àgbà abúlé pé ilé òun ni àṣìṣe náà ti wá, kì í ṣe ọwọ́ atẹ́gùn. Kò dárúkọ mi. Ó ní òun á tún ìró náà ró.

Ìyá mi ló bínú pẹ́ jù. Kò nà mí, kò bú mi. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tó tún rí omi díẹ̀ se ẹ̀kọ, ó bu tèmi sínú igbá bí ẹni ń bu omi gbígbóná, ó ní, "Gbà. Kò sí ewé." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é. Kódà nígbà tí ó rí ewé díẹ̀ rà, inú igbá ni tèmi ń wà.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Ìyá Àgbà mú ọkọ́ kékeré kan, ó mú mi lọ sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí iná ò dé. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wú gbòǹgbò ewé eéran: kí n yan èyí tó ní ewé kan ṣoṣo tó ṣì ká, kí n wú u pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú tó wà lára rẹ̀, kí n má jẹ́ kí oòrùn rí i. A fi imọ̀ tútù bò ó, a rù ú lọ sókè. Èmi ni mo gbìn ín, mo fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sáàárín wọn. Bàbá mi gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kó lè ṣíji bò ó.

Mo bi Ìyá Àgbà pé, "Àwọn tó jó nínú ńkọ́?"

Ó fi ọkọ́ họ eérú, ó fa gbòǹgbò kan jáde, ó fi èékánná ha á. Inú rẹ̀ funfun. "Orí ló jó," ló ní. "Ìdí ò mọ̀ pé nǹkan ṣe." Ṣé o mọ̀ pé mo sunkún níbẹ̀? Ẹkún ayọ̀ ni.

Òjò ọdún náà dára. Ìyá mi kò dúró de ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀kọ gbígbóná nínú ìkòkò lọ fún àwọn lébìrà láàárọ̀, wọ́n ń fi igbá mu ún. Ọkùnrin gíga yẹn ní, "Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ ti bọ́ ẹ̀kọ sí ìhòòhò!" Ìyá mi ní, "Ẹ gbójú kúrò, kí ẹ mu ún." Wọ́n mu ún tán.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi kò jẹ́ kí iná sún mọ́ odò. Òun àti èmi ro koríko kúrò lẹ́nu igbó, ilẹ̀ mọ́ lálá. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rù ti ń bà á. Ibú òkè gbẹ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń lọ wo ewé mi ní gbogbo ìgbà. Ó ga dé orúnkún mi, lẹ́yìn òjò kejì, ó ga dé èjìká mi, ó sì dí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ìdí àràbà mọ́.

Ọyẹ́ kejì, bàbá mi ní òun á ṣáná. Gbogbo abúlé jáde, wọn ò jáde nítorí ẹran. Mo di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú. Iná bẹ̀rẹ̀, ó sáré, ó ń hó, ó dojú kọ ibi tí mo gbìn. Ìyá mi wà lẹ́yìn mi, mo gbọ́ èémí rẹ̀. Iná dé etí ewé. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ewé iwájú ká jọ, ó pọ́n. Mo pa ojú dé.

Ìyá Àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Orogún mi, lajú. Ṣé èmi nìkan ló máa wò ó ni?"

Mo lajú. Èéfín funfun ni mo rí. Lẹ́yìn èéfín, ìró odò dúró, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ẹnìkan ní "Alhamdulillahi", àwọn ọkùnrin sì ń kí bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, omi ibú òkè wà títí òjò fi rọ̀. Ó dín kù, kò gbẹ. Akàn padà wá. Ní òwúrọ̀ kan, nígbà tí mo gbé orù sọ̀, ìyá mi wo omi náà, ó fi ọwọ́ kan ún, ó tọ́ ọ wò. Ó wá gbé ọ̀bẹ ewé fún mi. Ó tó ọdún méjì tí mi ò ti fọwọ́ kan ọ̀bẹ náà.

Ó ní, "Wọ inú lọ o."

Mo wọ inú lọ, ibi tí ó ṣókùnkùn. Mo ń pàtẹ́wọ́ bí mo ṣe ń lọ, kí oká lè mọ̀ pé mò ń bọ̀. Méjì nínú ìdí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ká, mo fi sílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó kó ìdì kan jọ, oòrùn ti gun òkè nígbà tí mo délé, ìyá mi ò sì bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́. Ó fọ ewé, ó ro ẹ̀kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọn. Ẹ̀kọ tó kọ́kọ́ pọ́n, kò kó o sínú agbọ̀n. Ó jẹ́ kó tutù, ó nà án sí mi pẹ̀lú ewé rẹ̀.

Ó ní, "Gbà. Tú u díẹ̀díẹ̀."